Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Iná Fíìmù Lójú Àgbàlá Wa

Ẹ̀gúsí ni mò ń bó lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Ìṣẹ́yìn ni mo jókòó sí, àtàǹpàkò mi ti ń ta mí. Ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó tì mí, ó ń jí èyí tí mo ti bó jẹ, mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn. Ètè gbogbo wa ti là, eruku sì ti bo ewé máńgòrò iwájú ilé. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí wa bá yọ, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìyàwó gíga," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "dìde ńlẹ̀. Àwọn onífíìmù ń wá obìnrin tó ga, tí ọwọ́ rẹ̀ sì le."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

"Wọ́n ní pátákó lo máa gbé."

"Pátákó? Ṣé ilé ni wọ́n ń kọ́ ni?"

"Ta ló mọ̀! Mo ti sọ fún wọn pé ò ń bọ̀. Má dójú tì mí o."

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlájà, wà lẹ́yìn mi, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Kò gbójú sókè. "Lọ," ó ní. "Ẹ̀gúsí ò lẹ́sẹ̀."

Mo jáde ìwé mẹ́wàá, ìwé ẹ̀rí mi sì dára níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtitẹ̀síwájú ò sí. Mo lọ́kọ, mo bímọ. Ọkọ mi ń dáko iṣu lọ́nà Kómu, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni káàánú mi, ilé ọkọ mi tù mí lára. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé, bí wọ́n bá pè mí, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń pè mí sí: wá bá wa gún un, wá bá wa bó o, wá bá wa pọnmọ. Kò sẹ́ni tó tún pè mí pé kí n wá mọ nǹkan kan. Èmi náà rò pé pátákó lásán ni mò ń lọ gbé.

Nínú ilé ńlá kan lẹ́yìn ọjà ni mo ti bá wọn. Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló kọ́ mi níṣẹ́, àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan ni bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Alàgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló ń ya fíìmù náà, ó sì ti ń wo inú kámẹ́rà kí wọ́n tó bí mi. Ẹnì kejì ni obìnrin kan tó ti ṣe ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Alàgbà rí, tí òun náà sì ti di ọ̀gá tó ń ya fíìmù tirẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, òun ló ń bójú tó iná. Àǹtí ni mò ń pè é. Nígbà tí Àlájà kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn oníná ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ó rò pé àwọn tó máa ń gun òpó wá já wáyà ni. "Sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kan tiwa o," ló wí.

Pátákó náà funfun, ó fúyẹ́, ó sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Òṣèré obìnrin kan dúró, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Wọ́n ní kí n gbé pátákó síwájú rẹ̀ kí oòrùn lè bà lé e, kó sì ta padà sí ojú rẹ̀. Mo gbé e. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń tì í, ó ń mì lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó," Àǹtí pè mí láti ọ̀ọ́kán, "ibà ò ṣe obìnrin yẹn o. Kí ló dé tí ojú rẹ̀ ń gbọ̀n?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Ó wá bá mi, ó fi èjìká rẹ̀ gbé pátákó náà ró, ó rọra sọ fún mi pé, "Pátákó lò ń wò. Má wò ó mọ́. Ojú rẹ̀ ni kó o máa wò, ọwọ́ rẹ á mọ ohun tó máa ṣe."

Mo wo ojú obìnrin náà. Mo rọra tẹ pátákó sẹ́yìn, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tó gbéra láti ọrùn rẹ̀, tó gun àgbọ̀n, tó dé ẹnu, tó dé imú, tó wá wọ ojú. Nǹkan kékeré kan bí orí abẹ́rẹ́ tàn nínú ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Obìnrin tó dà bí ẹni tó ń sùn láti àárọ̀ bá jí. Èmi ni mo ṣe é. Orí mi wú.

"O rí i?" Àǹtí bi mí.

"Mo rí i, mà."

"Iṣẹ́ náà nìyẹn. Ìyókù, kó o máa rí i lójoojúmọ́ ni."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n kó wá sí ilé tiwa gan-an. Alàgbà ló rí àgbàlá wa nígbà tó tẹ̀ lé mi wá kí Àlájà, ó sì ní ibẹ̀ ni ìyá inú ìtàn fíìmù náà máa gbé. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn bá le jù fún iṣẹ́ wọn, àwọn yòókù á wá ibi tó tutù sùn. Alàgbà ò ní sùn. Ó gbé ìkòkò dúdú kan láti ilé ìdáná wá sí yàrá Àlájà, ó gbé e ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì pè mí.

"Sọ ohun tó o rí fún mi."

"Ìkòkò ni, sà."

"Àlájà ló ni ìkòkò. Ìmọ́lẹ̀ ni mo bi ọ́."

Mo ní ó mọ́lẹ̀ lápá ibí, ó ṣú lápá ọ̀hún. Ó ní kí n fi ìka mi síbi tí ibí ti parí tí ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi í síbẹ̀. Ó ti fèrèsé náà kó kù díẹ̀, ààlà yẹn sì mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Ó tún ṣí i, ó fi aṣọ funfun ta ojú rẹ̀, ààlà náà rọ̀, mi ò mọ ibi tí ìka mi máa gbà mọ́. Ó wá tọrọ òrí lọ́wọ́ Àlájà, ó fi pa ìkòkò náà lára. Gbogbo fèrèsé bá yọ lára rẹ̀, gbọọrọ, tó ń dán.

"Awọ tiwa nìyẹn," ó ní. "Àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń da iná lé e lórí, wọ́n ní ó dúdú. Má da iná lé e. Wá nǹkan ńlá tó mọ́lẹ̀ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó máa wò ó. Á gbà á fúnra rẹ̀."

Àlájà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Alàgbà, ìkòkò ọbẹ̀ mi lẹ fi òrí pa bí ọmọ tuntun yìí?"

"Ẹ má bínú, Àlájà. Ìyàwó yín ń kàwé lára rẹ̀ ni."

"Kó kà á tán, kó fọ̀ ọ́ o. Ọbẹ̀ la máa jẹ lálẹ́, a ò ní jẹ ìmọ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ojú mi ò sinmi mọ́. Mo ń fún ọmọ mi lẹ́kọ mu láàárọ̀, mo rí i pé aṣọ aláwọ̀ ewé tó wọ̀ ti sọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ di aláwọ̀ ewé. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù kí n sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé ara ọmọ yẹn yá?"

A lọ yàwòrán nísàlẹ̀ òkè Adó-Àwáyè lọ́jọ́ kan. A dé ibẹ̀ ní kùtù, a sì jókòó. Alàgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan nǹkan kan. Ó ń dúró de ìgbà tí ọyẹ́ á ká díẹ̀, kí òkúta náà lè ní ojú àti ẹ̀yìn. Mo bi í pé kí ni kí n máa ṣe, ó ní, "A ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Wo òkúta." Ibẹ̀ ni Àǹtí ti wá jókòó tì mí, tó ń já búrẹ́dì jẹ, tó sọ fún mi pé inú ọkọ̀ tí wọ́n ń kó iná sí ni òun ti ń fún àkọ́bí òun lọ́yàn, láàárín wáyà.

"Ṣé kò ṣòro, mà?"

"Ó ṣòro. Mo sunkún. Alàgbà á gba ọmọ lọ́wọ́ mi, á gbé e rìn lọ sábẹ́ igi títí màá fi ṣe tán." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Gbọ́. Bí a bá kúrò níbí, Ṣakí ló kàn. Alàgbà ń wá ẹni tí òun máa kọ́. Agbépátákó pọ̀, kò wá ìyẹn. Ẹni tó máa mọ iná ló ń wá. Ọjọ́ tí iṣẹ́ ibí bá parí ló máa sọ̀rọ̀."

"Ṣé ó lè jẹ́ èmi?"

"Mi ò mọ̀. Ohun kan ló máa ń bí i nínú: kí èèyàn fọwọ́ kan nǹkan láì kọ́kọ́ wò ó. Ṣọ́ra fún ìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀. Ó ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá ń kírun, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá ń fọ abọ́, ó wà níbẹ̀. Bí Alàgbà bá wò mí, màá máa rò ó pé, ṣé ó ti pinnu?

Ọjọ́ tó kẹ́yìn dé. Ohun kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n yà: ojú ìyá inú ìtàn náà nìkan, ní tòsí, níbi tó ti ń dágbére fún ọmọ rẹ̀. Òṣèré tó ń ṣe ìyá náà, ìyá àgbàlagbà gidi ni, ọkọ̀ sì ti ń dúró láti gbé e padà sílé rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n ti ya gbogbo ara rẹ̀ níbẹ̀ lánàá, lórí àga, lójú àgbàlá wa, lẹ́yìn ìrun Alásárì nígbà tí oòrùn ti rọ̀. Wákàtí kan náà ni wọ́n máa padà wá, kí ojú rẹ̀ lè bá ti àná mu.

Ìyàwó ilé ni mí. Bí àgbàlagbà bá ń bọ̀ wá jókòó sójú àgbàlá yín nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe. Mo gbálẹ̀. Mo bu omi, mo fi ọwọ́ wọ́n ọn yí ká, kí eruku má baà kó sí ìyá náà lọ́fun. Eruku ṣì ń yọ díẹ̀, mo tún bu omi mìíràn. Ilẹ̀ tutù, ó ń ta sánsán bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n á yìn mí.

Àǹtí ló kọ́kọ́ wọlé. Ó dúró gbagidi. "Ta ló da omi síbí?"

"Èmi ni, mà. Mo wọ́n ọn ni, torí eruku."

Wọ́n mú ìyá náà jókòó sórí àga, wọ́n sì pè mí síwájú kámẹ́rà. Alàgbà fi ti àná hàn mí, ó fi ti ìsinsìnyí hàn mí. Lánàá, ojú ìyá náà rọ̀, èèyàn lè ka gbogbo ìlà tó wà lára rẹ̀. Nísinsìnyí, ihò dúdú méjì ni ojú rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣú bí ìdí ìkòkò. Àga kan náà ni, ìyá kan náà, oòrùn kan náà.

"Kí ló yí padà?" Alàgbà bi mí.

"Mi ò mọ̀, sà."

"Wò ó."

Mo wo ọ̀run. Mo wo ògiri. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin lẹ́bàá àga náà, Àlájà pariwo pé kí n rọra, mo sì gbójú sókè wo ìyá náà láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ ara mi lórí ilẹ̀ tútù, bí ilẹ̀ náà ti dúdú tó. Tí ilẹ̀ àgbàlá wa bá gbẹ, ó máa ń pupa rúsúrúsú, ó máa ń ta sí funfun. Lánàá, oòrùn ń bà lé e, ó sì ń padà sí ojú ìyá náà. Pátákó tó tóbi ju èyí tí mo ti ń gbé kiri lọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wa, èmi ni mo bu omi pa á.

"Ilẹ̀ ni," mo ní. "Ilẹ̀ ló ń tànmọ́lẹ̀ sí wọn lójú lánàá. Èmi ni mo pa á, sà."

Alàgbà jókòó sórí àpótí iná. Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. "Ìwọ lo pa á," ó ní, "tàn án. Oòrùn ò ní dúró dè ọ́ o."

Ìyá òṣèré náà dá sí i. "Ẹ má fìyà jẹ ọmọ yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣeré, kò sẹ́ni tó wọ́n omi sílẹ̀ dè mí rí." Ó wá yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n ṣe kíá, ọmọ mi, ìdí ń ro mí."

Mo sáré gbé pátákó funfun, mo tẹ́ ẹ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Alàgbà wo kámẹ́rà. "Ó ti dà bí ẹni tó ṣí fìríìjì," ó ní. Òótọ́ ni, ojú ìyá náà ti funfun bí ẹfun, kò ní ẹ̀jẹ̀. Mo gbé e kúrò. Òjìji òrùlé ilé kejì ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ilẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ni mo ní nílé yìí tó jọ ilẹ̀ gbígbẹ, tó fẹ̀, tí kò funfun jù? Mo wo ibi tí Àlájà jókòó sí tó ń wòran wa.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

"Kí n dìde? Orí ilẹ̀ tó o rọ omi sí yìí ni kí n jókòó?"

"Ẹní yín ni mo fẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó dìde, ó ń ráhùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ká a fún mi. Ó tún lọ mú méjì míì wá láti yàrá. Ẹní tó ti gbó ni wọ́n, wọ́n ti pọ́n bí koríko gbígbẹ. Mo tẹ́ wọn síwájú ìyá náà, níbi tí oòrùn ṣì wà. Mi ò wo ẹní. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ihò méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Àgbọ̀n rẹ̀ padà wá.

Àǹtí wá, ó fi ẹsẹ̀ fa ẹní kan sẹ́yìn díẹ̀. Ó fa aṣọ dúdú kan sí apá òsì, kí ìmọ́lẹ̀ ògiri má baà sọ ojú náà di pẹrẹsẹ. Nǹkan méjì péré. Mo rí i pé èmi ti mú ìmọ́lẹ̀ wá, òun ló sì mú ojú tí a rí lánàá padà wá. Olùdarí fíìmù náà, ẹni tó ń sọ ohun tí àwọn òṣèré máa ṣe, ní kí ìyá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀. Kí òjìji òrùlé tó dé etí ẹní, wọ́n ti yà á tán. Àtẹ́wọ́ dún, wọ́n ń yọ̀ pé iṣẹ́ parí.

Mo lọ sí kọ̀rọ̀, mo ń ká wáyà. Mo ń ká a, mo ń tú u, mo tún ń ká a, torí mi ò fẹ́ gbójú sókè. Mo rí bàtà Alàgbà níwájú mi.

"Ṣakí, lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Ta ló máa bá ọ tọ́jú ọmọ?"

Mo wo ibi tí Àlájà ti ń ká ẹní rẹ̀.

"Ìwọ àti ẹni tó máa bá ọ tọ́jú rẹ̀, ẹ sọ ọ́. Àmọ́ kó o tó wọ ọkọ̀, màá tú ẹrù rẹ wò. Bí mo bá bá ike omi níbẹ̀, o ò lọ."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, sórí ilẹ̀ tútù náà gan-an. Èmi kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣì ń dúpẹ́. Wọ́n lè lé mi lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa bi wọ́n. Wọ́n fi oòrùn tó ń lọ, tí wọn ò lè rà padà, dúró dè mí kí n fi ojú ara mi rí ohun tí mo ṣe. Àwọn òbí mi nìkan ló tún ṣe irú rẹ̀ fún mi rí.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ó ní Àlájà ti bá òun sọ ọ́ lórí fóònù, pé ìyá òun ti gba ọmọ náà sọ́dọ̀ kí n tó bèèrè. "Ṣakí ò jìnnà," ọkọ mi ní. "Ṣáà máa pè wá."

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo ń di irun ọmọ mi, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi. Ó bi mí bóyá màá padà. Mo ní màá padà, ó máa pẹ́ díẹ̀, àárò rẹ̀ á sì máa sọ mí, bóyá màá tiẹ̀ sunkún. Ó bi mí pé kí ló dé tí mò ń lọ nígbà náà. Mo ní torí mo fẹ́ mọ nǹkan kan dáadáa ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì gbà láti kọ́ mi.

"Tí wọ́n bá bi mí níléèwé ńkọ́," ó ní, "kí ni kí n sọ?"

"Sọ fún wọn pé màmá rẹ ń kọ́ iṣẹ́ iná," mo sọ fún un. "Sọ pé kò tíì mọ̀ ọ́n tán, ó sì ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò lé e."

Ó ní kí n má fa irun òun tó bẹ́ẹ̀. Mo rọra.